Tọ́ọ̀ṣì Tó Bá Wa Kírun Àsùbáà

Iná kọ́ ló ṣòro nínú tọ́ọ̀ṣì. Òkúta bátìrì méjì, gílóòbù kan, irin tó so wọ́n pọ̀, iná ti tàn nìyẹn. Ohun tó ṣòro ni ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti máa bá iná náà sọ̀rọ̀: ibi tí a ó tẹ̀, ibi tí a ó tì, ibi tí a ó yí. Èmi tí n kò mọ ìwé, tí n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín A àti ẹsẹ̀ adìẹ, mo mọ ìyẹn ju ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé lọ. Ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, má bá mi dín in kù. Gbogbo Òwu ní Abẹ́òkúta ló mọ̀ nígbà náà.

Títà ni mo kọ́kọ́ ń tà á. Mo gbé tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ọkọ mi, mo to tọ́ọ̀ṣì àti òkúta bátìrì sí i. Àwọn tó rà á a máa gbé e padà wá pé kò tàn mọ́. Mo gbé èkínní lọ bá ẹni tó tà á fún mi, ó ní èmi ni mo bà á jẹ́. Inú bí mi. Mo délé, mo jókòó, mo tú u. Mo ní kí n rí nǹkan ńlá tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Irin pẹlẹbẹ kan ló wà lábẹ́ súwíìṣì. Tí a bá tì í síwájú, á lọ fara kan ìdí gílóòbù. Irin yẹn ti dípẹtà. Mo fi yanrìn ha á, iná tàn. Láti ọjọ́ náà, n kò dá tọ́ọ̀ṣì padà fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tó yá, kì í ṣe èyí tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbé wá. Wọ́n ń wá kí n sọ ọ́ di tiwọn. Nọ́ọ̀sì kan wá láti Adigbe, ó ní tọ́ọ̀ṣì òun mọ́lẹ̀ jù, ó ń jí aláìsàn. Mo gé wáyà tín-ín-rín tó máa ń pọ́n nínú áyọ́ọ̀nù oníná tó ti kú, mo ká a mọ́ àfọ́kù tánganran. Mo yọ súwíìṣì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ibùdó lára rédíò tó ti bàjẹ́, mo fi òjé jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nọ́ọ̀sì tì í lẹ́ẹ̀kan, iná gba inú wáyà yẹn kọjá, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù, ó wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtùpà. Ó tì í lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ́ gbòò. Ọdẹ kan wá láti Itori, ó ní, "Ìyá, nǹkan yìí ń bá mi lé ẹran. Tó bá ti dún kẹ́ báyìí, ẹtu ti lọ." Mo fi awọ ewúrẹ́ tẹ́ abẹ́ súwíìṣì rẹ̀, kò dún mọ́. Awakọ̀ kan fẹ́ bọ́tìnnì tó jẹ́ pé tí òun bá tẹ̀ ẹ́ ló máa tàn, tí òun bá gbé ọwọ́ kúrò kó kú, kó lè máa fi ṣẹ́jú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Mo ṣe é.

Kí n tó tú tọ́ọ̀ṣì ẹnikẹ́ni, mo máa ń ní kó gbé e dání kó máa rìn káàkiri kí n fi wò ó. Àwọn kan á máa rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ rán aṣọ fún mi ni?" Ọwọ́ wọn ni mò ń wò.

Ọ̀rọ̀ bàbá ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ.

Òun ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa. Kí wọ́n tó gbé mi wọ ilé yẹn ló ti ń pe ìrun. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni, mọ́sálásí wa kò sì tíì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ilé gogoro la ní, wọ́n kọ́ ọ sórí àpáta, àsùbáà nìkan ni wọ́n sì ń gun òkè rẹ̀ pè. Ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn rẹ̀ wà nínú mọ́sálásí gan-an, nítòsí sàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ àwọn tó ń kírun. Àtẹ̀gùn náà há, ó lọ́, ó sì ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan, ká má tíì sọ ti àsùbáà.

Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń di irin ẹ̀gbẹ́ ògiri mú. Ọwọ́ òsì ló kù fún iná. Ó ti gbé àtùpà tẹ́lẹ̀, kẹrosíìnì dà sórí ẹní mọ́sálásí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kó má gbé e wọlé mọ́. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì, àtàǹpàkò rẹ̀ kò lágbára tó fi máa ti súwíìṣì. Kò sọ fún mi o. Èmi tí mò ń tún tọ́ọ̀ṣì gbogbo ayé ṣe, kò sọ fún mi. Inú òkùnkùn ló ń gùn ún, tó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé. Ó fi ìdí wọ́ àtẹ̀gùn mẹ́fà sílẹ̀. Kò fara pa, ṣùgbọ́n kò lè dìde lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀ sì ń mọ́ lọ. Aránṣọ kan nínú ẹbí ọkọ mi ló sáré fò ó kọjá, ó gòkè, ó pe ìrun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ohùn ọkùnrin yẹn dùn. Ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, Olóhùn-iyọ̀ ni mo sọ ọ́. Nígbà tó pe ìrun tán, àwọn ènìyàn jáde, wọ́n ń wòkè. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ọ̀rọ̀ dé iwájú Lèmọ́mù. Ẹni kan ní kí Bàbá lọ sinmi. Ẹlòmíràn ní a kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àgbà. Lèmọ́mù dá a báyìí pé:

"Bàbá, a ò lé yín. Láti ọ̀la, ọjọ́ méje. Tí ẹ bá gòkè tí ẹ sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni tó mú yín lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ẹnikẹ́ni bá mú yín lọ́wọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún aránṣọ. Kì í ṣe ìjà. Ẹ̀mí yín là ń dù."

Bàbá délé, kò fẹnu kan láfún tí mo gbé sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹun." Ó ní, "Ìyàwó, ọdún wo ni mo ti ń jí kí gbogbo ìlú tó jí? Tí mo bá wá jí tí n kò rí ibi tí mò ń lọ, kí ni mo jí fún?"

Mo gbé tọ́ọ̀ṣì kan fún un. "Ẹ gbé e dání, kí n wò ó."

Ìgbà náà ni mo tó rí ọwọ́ yẹn dáadáa. Mo fi súwíìṣì tó rọ̀ sí i, kò lè tì í. Mo fi bọ́tìnnì ńlá sí i, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fi í sílẹ̀, iná ń kọ bí mànàmáná. Bàbá ní, "Ìyàwó, o fẹ́ kí wọ́n rò pé òjò fẹ́ rọ̀ nínú mọ́sálásí ni?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́. Iná náà gbọ́dọ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀ ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀.

Mo lọ bá ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì ilé wa, mo gba ọmọ irin róbótó kan, irú èyí tó ń yí nínú wíìlì. Mo fi rọ́bà ṣe ihò fún un nínú tọ́ọ̀ṣì, mo fi ẹnu wáyà méjì sí òpin ihò náà. Tí tọ́ọ̀ṣì bá kọjú sílẹ̀, ọmọ irin á yí lọ bá wáyà méjèèjì, iná á tàn. Tó bá kọjú sókè, ọmọ irin á padà sẹ́yìn, iná á kú. Mo so okùn mọ́ ìdí tọ́ọ̀ṣì, mo gbé e kọ́ Bàbá lọ́rùn. Ó kọjú sílẹ̀, ó tàn sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá gòkè tán, kó kàn gbé e sínú àpò àyà, kó kọjú sókè. Kò sí títẹ̀, kò sí títì.

Bàbá dúró, ó jókòó, ó rìn yí ilé po. Mo ń tẹ̀lé e, mo ń fò sókè bí ọmọdé. Ó ní, "Wò ó, ó mọ̀!" Mo ní, "Bàbá, mo kọ́ ọ ni."

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, mo tẹ̀lé e lọ. Mo dúró sí ibi tí àwa obìnrin máa ń dúró sí lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ta aṣọ funfun sí. Mo gbọ́ ohùn Bàbá látòkè, ó gbó, ó gbẹ, ṣùgbọ́n kò tàsé ọ̀rọ̀ kan. Mo dúpẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀, kò sí ẹni tó mú un lọ́wọ́. Ó dúró ní sàfù iwájú, ìrun bẹ̀rẹ̀. Fìtílà kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà.

A forí kanlẹ̀. Ilẹ̀ iwájú mi bá funfun.

Mo rò pé mànàmáná ni. A gbé orí sókè, òkùnkùn padà. A tún forí kanlẹ̀, ó tún tàn. Ìgbà yẹn ló yé mi. Bàbá forí kanlẹ̀, àyà rẹ̀ dorí kodò, tọ́ọ̀ṣì inú àpò dorí kodò, ọmọ irin mi sì yí lọ jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an. Ó tàn láti ọrùn ẹ̀wù Bàbá lọ bá gìgísẹ̀ Lèmọ́mù. Ráká méjì ni àsùbáà, ìforíkanlẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tàn, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo dán nǹkan yẹn wò ní ìdúró, ní ìjókòó, ní ìrìn. Èmi tí mo ti ń forí kanlẹ̀ láti kékeré, n kò dán an wò ní ìforíkanlẹ̀.

Lẹ́yìn sàlámà tó parí ìrun, àwọn ọkùnrin kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Olóhùn-iyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Bàbá, ṣé tọ́ọ̀ṣì yín ṣe àlùwàlá kó tó wá?"

Bàbá ní, "Kí o tó jí ló ti ṣe tirẹ̀ tán."

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi gún mi ní ìgúnpá. "Ìyàwó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rèé o. Ó mà forí kanlẹ̀ ju ọkọ tèmi lọ."

Lèmọ́mù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìrun kì í ṣe eré. N kò fẹ́ rí nǹkan yẹn nínú mọ́sálásí yìí mọ́." Inú mọ́sálásí sì ni ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn wà. Bí tọ́ọ̀ṣì kò bá lè wọlé, inú òkùnkùn ni Bàbá yóò ti gòkè lọ́la, àti ní gbogbo ọjọ́ tó kù.

Mo délé, n kò to ọjà. Mo fi okùn rẹ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì náà kọ́ ìṣó, mo ń wò ó. Mo bi ara mi léèrè: kí ni ìyàtọ̀ tọ́ọ̀ṣì tó so kọ́ ọrùn àti tọ́ọ̀ṣì tó wà nínú àpò? Mo ti rò pé ibi tó kọjú sí ni. Irọ́ ni. Ìwúwo rẹ̀ ni. Nínú àpò, àpò ló gbé e. Ní ọrùn, okùn ló fà á.

Mo ju ọmọ irin nù. Mo lu ihò sí ìdérí ìdí tọ́ọ̀ṣì, mo ti òrùka onírin kan bọ̀ ọ́. Mo fi sípíríǹgì inú báírò dì í mú, tó fi jẹ́ pé sípíríǹgì á máa fa òrùka náà wọlé, wáyà kò ní kan wáyà. Orí òrùka yẹn ni mo wá so okùn mọ́. Bí tọ́ọ̀ṣì bá so kọ́, ìwúwo òkúta bátìrì á fa òrùka náà jáde, wáyà á kan wáyà. Ó so kọ́, ó tàn. Ó wọ àpò, ó kú. Ó lè dorí kodò, ó lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kò kàn án.

N kò tún fẹ́ gbọ́ ìtàn. Mo ṣe àlùwàlá, mo fi tọ́ọ̀ṣì sí àyà, mo pa fèrèsé dé, mo kí ráká méjì. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ìyàwó, ta lo kírun yẹn fún?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, àwa méjèèjì lọ sí ilé Lèmọ́mù. Bó ṣe rí okùn lọ́wọ́ mi, ó ti gbé ojú kúrò. "Ìyàwó, mo ti sọ̀rọ̀ lórí nǹkan yìí."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. "Àlùfáà, òótọ́ lẹ sọ, mi ò wá jiyàn. Mo ṣe àṣìṣe, mo ti tún un ṣe. Ẹ fi sí àpò tiyín, kí ẹ forí kanlẹ̀. Tó bá tàn, ẹ fọ́ ọ mọ́lẹ̀ níbí, ojú mi ni kó ti ṣẹlẹ̀."

Ó wo Bàbá. Bàbá wo àjà. Ó gba tọ́ọ̀ṣì náà, ó ní kí n ti fèrèsé. Lèmọ́mù wa forí kanlẹ̀ ní àárín pálọ̀ rẹ̀. Òkùnkùn. Ó gbé orí sókè, ó tún forí kanlẹ̀. Òkùnkùn. Ó gbọn àyà bí adìẹ tó wẹ eruku. Òkùnkùn. Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó kígbe: "Àlùfáà! Ìrun wo lẹ tún ń kí lẹ́yìn àlàásárì?"

"Tọ́ọ̀ṣì ni mò ń dán wò!"

"Lórí ìforíkanlẹ̀?"

Bàbá ti rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lèmọ́mù dìde, ó gbọn ẹ̀wù, ó fi okùn kọ́ ọrùn. Iná tàn sí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rìn lọ sí ògiri, ó rìn padà, ó gbé e sínú àpò, ó kú. Ó gbé e jáde, ó tàn. Mo rí i pé ó ti ń gbádùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ ọ, ó gbé e fún Bàbá. "Ó lè wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá tàn lórí ìrun lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ń lọ sílé."

Kò tàn. Ọjọ́ Àìkú, kò tàn. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Bàbá ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ó sú àwọn tó wà ní sàfù ẹ̀yìn tó ń yọjú kí wọ́n lè rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kírun bó ṣe yẹ. Ọjọ́bọ̀ ló rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, mo fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. N kò bẹ̀rù fún iná mi o, iná mi kò lè yẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ṣe ẹsẹ̀ yẹn, n kò sì lè tú u.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni ìkeje. N kò wọlé, mo dúró síta lórí àpáta. Ilé gogoro náà ní ihò kéékèèké mẹ́rin, ọ̀kan lórí èkejì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Olóhùn-iyọ̀ wá dúró tì mí. Ó ní, "Ìyàwó, o kú ìdúró." Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀." A jọ ń wòkè.

Iná yọ nínú ihò àkọ́kọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó yọ nínú èkejì. Ó dé ihò kẹta, ó dúró. A retí. Iná náà kò lọ sókè, kò bọ̀ sísàlẹ̀. Mo ka ìka ọwọ́ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mo tún un kà. Olóhùn-iyọ̀ bá gbé ẹsẹ̀, ó fẹ́ sáré wọlé. Mo di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ìyàwó, fi mí sílẹ̀! Ṣé kí bàbá àgbà kú sórí àtẹ̀gùn ni?"

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá mú un lọ́wọ́, ẹ ti gba iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Iná yẹn ṣì ń tàn. Okùn ló fà á. Ó wà lórí ìdúró, kò ṣubú. Ó ń mí ni."

Ó wò mí, ó wo òkè. Kò sáré mọ́. Mo gbọ́ tó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ gbé e. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn." Ọkùnrin tó fẹ́ iṣẹ́ náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Iná gbéra. Ó yọ nínú ihò kẹrin. Lẹ́yìn náà ó kú, mo sì mọ̀ pé Bàbá ti gbé e sí àpò. Ohùn rẹ̀ jáde. Ó gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, ó wá le, ó gba orí òrùlé Òwu kọjá.

Olóhùn-iyọ̀ ní, "Ìyàwó, tú apá ẹ̀wù mi sílẹ̀, kí n lọ ṣe àlùwàlá. Èmi ni mo rán an, má fà á ya."

Nígbà tí Bàbá sọ̀kalẹ̀, Lèmọ́mù ti dúró dè é ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ó pé méje, Bàbá. Ẹ máa pè é lọ." Bàbá kò dúpẹ́, kò sì yọ̀. Ó ní kí wọ́n tò, pé ilẹ̀ ń mọ́.